Ọbẹ̀ Tí A Kì Í Tọ́ Wò

Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn yàrá àyẹ̀wò kọjá lásìkò tí a ń se mídíà yóò rò pé ọbẹ̀ ẹran ló wà lórí iná. Òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀ rárá. Àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ tí mo ti bá ṣiṣẹ́ a máa yọjú lójú fèrèsé, wọn a ní, "Màdáámù, ta ló ń se ẹran láàárọ̀ kùtù báyìí, ṣé kò ní kàn wá ni?" Ọbẹ̀ ni mídíà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bakitéríà la sè é fún, irú àwọn tó ń fa táífọ́ọ̀dù, onígbáméjì, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti egbò tí kò san. Ẹyọ bakitéríà kan kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Àfi kí a fún un lóúnjẹ, kí ó jẹ, kí ó máa bí sí i mọ́jú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣù jọ sójú kan títí ojú yóò fi tó wọn. Kọ́lónì la ń pe ìṣùjọ bẹ́ẹ̀. Ara kọ́lónì la ti ń mọ irú kòkòrò tó jẹ́ àti oògùn tó lè pa á. Bí oúnjẹ náà bá ti kùnà, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e ti wọ́.

Mídíà kì í ṣe àjèjì ní àgbègbè tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti Tóògéètì Sàngó gba òpópónà Ìdírókò lọ sí Àtàn, títí dé Agbárá, ilé-iṣẹ́ oúnjẹ, ilé-iṣẹ́ oògùn, ilé-iṣẹ́ ohun mímu àti àwọn oníomi inú ọ̀rá kò lóǹkà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí NAFDAC yóò gbà láàyè kó máa tajà láìṣe àyẹ̀wò kòkòrò. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ọ̀tà, ti aládàáni wà ní àdúgbò gbogbo. Covenant University bẹ̀rẹ̀ ní 2002, Bells University of Technology tẹ̀ lé e ní 2005, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí sì pọ̀ níbẹ̀. Gbogbo wa, láti oníléeṣẹ́ dé akẹ́kọ̀ọ́, inú irú ike kan náà la ti ń bu mídíà: ike ìyẹ̀fun tó ti òkèèrè wá, tí wọ́n kọ iye gíráàmù tí a ó pò mọ́ lítà omi kan sí lára. Látìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, owó ike náà ti di ohun tí ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan kì í fi í yéé wá sọ́dọ̀ mi, pàápàá nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn bá ń wá àkòrí: ṣé a ò lè se tiwa ni? Ẹ̀wà wà, sóyà wà, ẹ̀gẹ́ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ẹ̀jẹ̀ ẹran ń ṣàn dànù lọ́dọ̀ àwọn alápatà. Wọn a se ẹ̀wà, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a fi agar tó ń mú omi dì sí i, wọn a fa bakitéríà E. coli sójú rẹ̀, ó dàgbà. Wọn a ya fọ́tò, wọn a kọ ọ́ pé mídíà tuntun ti dé. Ìwé náà a wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn a gbé ti àgbàdo dé.

N kì í ṣe ọ̀tá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ "ó dàgbà" yẹn ni mo ń bá wọn jà lé lórí. E. coli yóò dàgbà nínú omi tí a fi ṣan ìkòkò. Kí nǹkan hù nínú ọbẹ̀ kò tíì sọ ọ́ di mídíà. Ohun tó ń sọ ọ́ di mídíà ni kí ó hùwà kan náà lónìí, lọ́la, lámọ́dún, lọ́wọ́ mi àti lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ó sì mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ fún lóúnjẹ. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ìwé àṣekágbá. Ọ̀tà gan-an ló sì yẹ kó ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Robert Koch, dókítà ará Jámánì tó tú àṣírí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní 1882, orí pòtétò sísè tí ó gé pẹlẹbẹ ló ti ń tọ́ kòkòrò tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe gbogbo kòkòrò ló ń jẹ pòtétò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi gelatin mú omi ẹran dì. Gelatin dì dáadáa nígbà òtútù. Bí ooru bá ti mú díẹ̀, ó ti di omi. Ooru ara ènìyàn, digírì 37, ni àwọn kòkòrò àrùn fẹ́ràn jù, gelatin kò sì lè dúró níbẹ̀. Ní Ọ̀tà níbí, kò tilẹ̀ ní dé inú incubator, àpótí tó ń mú kòkòrò móoru: orí tábìlì ni yóò ti yọ́ lọ́sàn-án oṣù kẹta. Àwọn kòkòrò kan sì tún wà tó jẹ́ pé gelatin náà gan-an ni wọ́n ń jẹ.

Ẹni tó yanjú ọ̀ràn náà kì í ṣe dókítà. Fanny Hesse ni, obìnrin tí wọ́n bí ní New York ní 1850, tó jẹ́ ìyàwó Walther Hesse, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Koch ṣiṣẹ́. Ó máa ń ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́, òun ló ń ya àwòrán àwọn kòkòrò fún un. Ní 1881, nígbà tí ooru ń yọ́ gelatin mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ọkọ bi í pé báwo ni jẹ́lì tirẹ̀ nínú ilé ìdáná kì í ṣe í yọ́. Ó ní agar lòun ń lò, ohun tí wọ́n ń yọ lára koríko inú òkun, aládùúgbò wọn kan tó ti gbé ní Java ló kọ́ òun ní New York. Agar kì í yọ́ àfi bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Bí ó bá sì ti yọ́, kì í dì títí ooru rẹ̀ yóò fi wálẹ̀ sí bíi digírì 40. Kòkòrò díẹ̀ ló lè jẹ ẹ́. Koch dárúkọ agar fìrí nínú ìwé rẹ̀ ti 1882, kò dárúkọ obìnrin náà. Lọ́dún 1887, Richard Petri ṣe àwo onídèérí tí a ń lò títí dòní, orúkọ tirẹ̀ ló wà lára àwo. Ẹ má bi mí léèrè ìdí.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ràn jù kì í ṣe ti agar, ti ọbẹ̀ náà gan-an ni. Ní 1865 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ lórí ọgbọ́n Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, láti máa se ẹran màlúù ní Fray Bentos, lórílẹ̀-èdè Uruguay, títí omi rẹ̀ yóò fi fà tí yóò ki. Ilé-iṣẹ́ yẹn ló ń ta Oxo, tó wá di mágì onígun mẹ́rin tí àwọn ìyàwó ilé Gẹ̀ẹ́sì ń fọ́ sínú ọbẹ̀. Láti ara Oxo ni Oxoid ti jáde, orúkọ tó wà lára ọ̀pọ̀ ike orí sẹ́ẹ̀fù wa. Difco tí àwọn ọ̀gá wa lò ńkọ́? Digestive Ferments Company ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ará Detroit ní Amẹ́ríkà. Orí ẹ́ńsáìmù tó ń da oúnjẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyẹn ni pé kì í ṣe yunifásítì ló bí mídíà inú ike. Ilé-iṣẹ́ mágì àti ilé-iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù ló bí i. Ní Agbárá, tí kò jìnnà sí wa, wọ́n ń ṣe Knorr. Golden Morn tí wọ́n fi àgbàdo àti sóyà ṣe, ibẹ̀ náà ni. Àwọn tó mọ bí a ti ń sọ ọbẹ̀ di ìyẹ̀fun, tó mọ bí a ti ń mú kí ìsè oṣù kìíní àti ìsè oṣù kejìlá jọra débi tí ahọ́n kò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀, àárín wọn la ń gbé. Síbẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wà ní ẹ̀ka QC, tó ń yẹ ọjà wò, ń ra ìyẹ̀fun ọbẹ̀ láti òkèèrè kí wọ́n lè fi yẹ ìyẹ̀fun ọbẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ wọn ń ṣe wò. Mo ti sọ èyí fún ọ̀gá kan rí nínú ìpàdé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

Kí ló wà nínú ọbẹ̀ náà? Èyí tó rọrùn jù, nutrient agar, kò ju omi ẹran gbígbẹ gíráàmù 3, peptone gíráàmù 5 àti agar gíráàmù 15 lọ nínú lítà omi kan. Peptone ni ọba ibẹ̀. Purotéènì tí ẹ́ńsáìmù ti gé sí wẹ́wẹ́ ni, nítorí ọ̀pọ̀ bakitéríà kò lè gbé odidi purotéènì mì. Ibí yìí ni ẹ̀wà sísè lásán ti ń kùnà: purotéènì rẹ̀ ṣì wà lódidi, ooru autoclave, ìkòkò tí a fi ń pa kòkòrò inú mídíà, yóò mú un dì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò sì bo ìsàlẹ̀ àwo. Ìyá tó ti fi ewé ìbẹ́pẹ se ògbólógbòó ẹran rí mọ ọgbọ́n tó kù. Inú oje funfun tó ń jáde lára ìbẹ́pẹ tútù ni papain wà, ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì. N kò ṣàwàdà. Ẹ wo Tryptic Soy Agar, tí àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn fi ń ka kòkòrò inú afẹ́fẹ́ yàrá tí wọ́n ti ń po oògùn: purotéènì inú wàrà tí ẹ́ńsáìmù ti dà jẹ́ gíráàmù 15, sóyà tí ẹ́ńsáìmù ti dà jẹ́ 5, iyọ̀ 5, agar 15, pH rẹ̀ sì jẹ́ 7.3. Papain ni wọ́n fi ń da sóyà yẹn. Ìbẹ́pẹ àti sóyà ni wọ́n kó sínú ike tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé wá bá wa ní Àpápá.

Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti jọ ṣe é. A lọ sóyà, a yọ òróró rẹ̀, a kán oje ìbẹ́pẹ sí i nínú omi tó gbóná débi tí ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbà á, a fi sílẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi òkè rẹ̀ ti tòrò, ó pọ́n díẹ̀, òórùn irú ti ń yọ lára rẹ̀. A sè é láti pa ẹ́ńsáìmù tó kù, a sẹ́ ẹ, a tún pH rẹ̀ ṣe. Staphylococcus jẹ ẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìsè kejì kò rí bíi ti àkọ́kọ́. Oje ìbẹ́pẹ ìgbà òjò kò lágbára tó ti ẹ̀ẹ̀rùn, sóyà tí a rà ní Sàngó kò bá èyí tí a rà ní Àtàn mu. Kì í ṣe ohun tí a ń sè ló dùn wá. Bí yóò ṣe máa rí bákan náà ni.

Títí dé ibí, oúnjẹ la ń sọ. Ọgbọ́n mídíà gan-an wà nínú ohun tí a fi ń dí ọ̀nà. Ìgbẹ́ aláìsàn kan kún fún oríṣiríṣi kòkòrò. Bí a bá fi oúnjẹ gbogboògbò síwájú wọn, gbogbo wọn ni yóò hù, èyí tí à ń wá yóò sì sọ nù sáàárín wọn. Alfred MacConkey, tó ṣiṣẹ́ ní England ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, rò ó pé kòkòrò tó ń gbé inú ìfun yóò ti mọ òróòro lára, ibẹ̀ sáà ni òróòro ń dà sí. Ó fi iyọ̀ òróòro sí mídíà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kì í ṣe ará ìfun kò lè gbérí níbẹ̀. Àwọn ará ìfun ń jẹ lọ ní tiwọn. Ó tún fi ṣúgà inú wàrà sí i, pẹ̀lú aró tó ń pọ́n nígbà tí mídíà bá kan. E. coli jẹ ṣúgà náà, ó sọ ọ́ kíkan, kọ́lónì rẹ̀ pọ́n. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù kì í jẹ ẹ́, kọ́lónì tirẹ̀ kò ní àwọ̀. Ojú àwo kan ṣoṣo ni a ti yà wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn yòókù. Iyọ̀ gíráàmù 75 nínú lítà kan ni mannitol salt agar fi ń lé èrò. Staphylococcus kò bìkítà fún iyọ̀. TCBS tí a fi ń wá onígbáméjì kì í wọ autoclave rárá, híhó lásán tó o. Ó láwọ̀ ewé, Vibrio cholerae jẹ ṣúgà inú rẹ̀, kọ́lónì rẹ̀ sì di yẹ́lò. Nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà 2024, TCBS ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń tìtorí rẹ̀ pè mí lórí fóònù, pé bóyá mo ní ẹ̀kún ṣíbí mélòó kan. Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, Löwenstein-Jensen, ẹyin ni: odidi ẹyin adìyẹ tí a lù, tí a pò mọ́ aró malachite, tí ooru mú dì nínú ìgò tí a dá gẹ̀ẹ̀rẹ̀. Kò sí agar kankan níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́jọ la ń dúró de kọ́lónì rẹ̀, ẹ sì mọ iye ìgbà tí NEPA lè mú iná lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ó jẹ́ ohun tí à ń ṣe láìdáa lójoojúmọ́. Àwọn kòkòrò kan wà tí omi ẹran lásán kò tó fún, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ tí wọ́n fi mú ẹ̀jẹ̀ la fi ń dá wọn mọ̀: Streptococcus tó ń fa ọ̀nà ọ̀fun dídùn yóò jẹ ẹ̀jẹ̀ yíká ara rẹ̀ títí ojú ibẹ̀ yóò fi mọ́ gaara, ti àrùn ẹ̀dọ̀fóró yóò sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé. Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ni ìwé sọ pé ká lò. Ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò nílẹ̀ wa ń lo ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ní báǹkì ẹ̀jẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lè ti lo oògùn apakòkòrò, ara rẹ̀ sì lè ti ní ohun ìjà tó ń gbógun ti kòkòrò tí à ń wá gan-an. Ojú mímọ́ gaara tí mo sọ yẹn kì í tún hàn dáadáa. Ẹni tó ń da àwo náà ńkọ́? Bí HIV tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ bá wà nínú àpò ẹ̀jẹ̀ yẹn, orí ọwọ́ rẹ̀ ni.

Àwáwí tí mo ti ń gbọ́ tipẹ́ ni pé àgùntàn onírun òwú ti ilẹ̀ òyìnbó ni ìwé ń sọ, kò sì lè gbé nínú ooru wa. Ní 2009 àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde nínú PLoS ONE tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àgùntàn onírun lásán, irú èyí tó ń rìn kiri àdúgbò wa, ń ṣe gbogbo ohun tí a fẹ́ kí blood agar ṣe, yálà a po citrate tí kì í jẹ́ kó dì mọ́ ọn tàbí a yọ okùn dídì inú rẹ̀. Àgbò kan tí a so mọ́ ẹ̀yìn ilé, tí onímọ̀ ìṣègùn ẹran ń yẹ̀ wò, tí a ń fa ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ lára iṣan ọrùn rẹ̀ tí a sì ń fún un láyè kó sinmi, lè bọ́ yàrá àyẹ̀wò kékeré kan. Ẹ̀jẹ̀ náà bọ́ sínú ìgò tí a ti kó ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì sí, a máa mì ín, a máa mì ín, títí okùn funfun yóò fi wé mọ́ ìlẹ̀kẹ̀, tí ohun tó kù kò fi ní dì mọ́. Bí agar bá ti tutù débi tí ẹ̀yìn ọwọ́ lè gba ìgò náà, a da ẹ̀jẹ̀ sí i, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, a yí i jẹ́ẹ́jẹ́ kó má hó. Wàhálà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé àgbò ń fà ni Iléyá. Bó bá ti ku oṣù kan, gbogbo òṣìṣẹ́, láti mẹgádì dé akọ̀wé owó, ló ń bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Mo ti bá ilé-iṣẹ́ omi kan ṣiṣẹ́ rí tí èsì rẹ̀ mọ́ ju bó ti yẹ lọ. Òfin ni pé E. coli kò gbọdọ̀ wà nínú mìlílítà 100 omi mímu. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, MacConkey wọn kò yí àwọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan, inú ọ̀gá sì ń dùn. Mo mú E. coli tí mo mọ̀ wá láti ibòmíràn, mo kán an sínú ọbẹ̀ wọn, mo gbé e sínú incubator. Lọ́jọ́ kejì, kò pọ́n, kò mú gáàsì jáde sínú túùbù kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ike náà ní orúkọ tó dára lára, ohun inú rẹ̀ kì í ṣe MacConkey. Ẹnì kan ti tún ike òfìfo rọ kó tó dé ọwọ́ wọn. Ohun tí ọ̀gá sọ ni pé kí ló dé tí mo ń wá wàhálà. Látìgbà náà, èsì tó dára jù ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ọbẹ̀ tí ẹnu wa kò lè tọ́ wò, àwọn kòkòrò tí a mọ ìwà wọn ni yóò bá wa tọ́ ọ wò. E. coli ATCC 25922, Staphylococcus aureus ATCC 25923, Pseudomonas aeruginosa ATCC 27853: ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ mọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí bó ti mọ nọ́ńbà fóònù ilé rẹ̀. Fún ìsè kọ̀ọ̀kan, a ní èyí tó gbọ́dọ̀ hù, a ní èyí tí kò gbọdọ̀ hù, a tún ń fi àwo kan sínú incubator láìfi nǹkan kan sí i, kí a lè rí i pé mídíà náà mọ́. Bí MacConkey bá jẹ́ kí Staphylococcus hù, ìsè náà di dídànù. Iye àwọn tí mo ti rí tí wọ́n ní láàbù ńlá, ẹ̀rọ tuntun, tílìsì funfun báláú, tí kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn atọ́bẹ̀wò yìí nínú fíríìjì wọn, n kò ní sọ.

Ibìkan wà tí mo ti ń fa ìlà. Mueller-Hinton la fi ń dán oògùn wò: a fa kòkòrò sójú àwo, a to bébà kéékèèké tó ní oògùn lé e, a fi rúlà wọn bí ojú mímọ́ tó yí bébà ká ti fẹ̀ tó. Lórí ìwọ̀n yẹn ni dókítà yóò ti pinnu. Àwo náà gbọ́dọ̀ nípọn tó mìlímítà 4. Bó bá fẹ́lẹ́, ojú mímọ́ á fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, a ó ní oògùn ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò ṣiṣẹ́. Bí calcium àti magnesium inú rẹ̀ bá yí padà, gentamicin lórí Pseudomonas yóò purọ́. Bí thymidine bá pọ̀ níbẹ̀, Septrin kò ní lè pa kòkòrò tó yẹ kó pa. Ẹ̀wà ọjà Sàngó kò kọ iye thymidine sí ara. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní òun fẹ́ fi mídíà ẹ̀gẹ́ dán oògùn wò fún aláìsàn, mo máa ń sọ pé rárá, n kì í sì í ṣàlàyé púpọ̀.

Mo ti mẹ́nu kan ẹ̀gẹ́. Agar ló ń gbé owó mídíà ga, ó sì máa ń wọ́n lójijì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Japan ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Bí ogun ti dé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí etí òkun tiwọn láti wá koríko. Ní 2015 náà, Morocco dín koríko òkun tó ń jáde kù, ó sì tó gbogbo láàbù ayé létí. Ó wá dà bí ẹni pé sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni ìdáhùn. Ó ń mú omi dì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò mọ́ gaara, a ò lè gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ ká wo kọ́lónì láti ẹ̀yìn; ó rọ̀, wáyà tí a fi ń fa kòkòrò máa ń rì sínú rẹ̀. Bacillus, tí kò sí ibi tí eruku Ọ̀tà kò gbé e dé, ń jẹ sítáàṣì. Ẹni tó fi mídíà sílẹ̀ lálẹ́ á bá odò láàárọ̀. Tí a bá po díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ agar, agar tí a nílò á dín kù, mo gbà bẹ́ẹ̀, ó sì dára púpọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tó ń kọ́ bí a ti ń fa àwo. Kó máa ba èyí jẹ́ kó tó ba èyí tó wọ́n jẹ́.

Ìnira mìíràn wà tí ìwé òyìnbó kì í sọ. Èèrà ń wọ inú àwo wa. Ó gba abẹ́ ìdérí wọlé, ó jẹ agar, ó sì gbé kòkòrò láti àwo kan sí èkejì. Omi ni a fi ń yí ẹsẹ̀ tábìlì ká. Ìyẹ̀fun mídíà sì ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Ike tí a ṣí nígbà òjò tí a kò dé dáadáa yóò di òkúta kí oṣù tó parí, a ó máa fi ọ̀bẹ ha á. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe mídíà fún ilẹ̀ yìí yóò kọ́kọ́ rò nípa àpò kéékèèké tí a ń lò tán lẹ́ẹ̀kan, bí a ti ń ta Milo alápò. Ìyẹn náà, àwọn ará Agbárá mọ̀ ọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ ìwé kan ní 2011, Divining Without Seeds, lórí bí ìṣègùn ṣe ń fọwọ́ tálẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà nítorí àìsí yàrá àyẹ̀wò tó múná dóko. Mo ń rí ohun tó sọ lójoojúmọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná ní Ìyesì yóò lọ síbi ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, wọn á ta oògùn táífọ́ọ̀dù fún un; kò san, wọn á ta òmíràn. Nígbà tó bá dé ilé ìwòsàn, oògùn mẹ́ta ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sí ohun tí yóò hù lójú àwo mọ́. Bí àyẹ̀wò bá rọ̀ lówó láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ nínú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ì bá ti kọ́kọ́ wá ṣe é. Ohun tó ń mú un wọ́n sì ni ike tí à ń sọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ ilé-iṣẹ́ ṣáá nìyí. Kí yunifásítì mú ìmọ̀ wá, kí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ mú ẹ̀rọ tó ń gbẹ ọbẹ̀ di ìyẹ̀fun àti àṣà pípa ìsè mọ́ bákan náà wá, kí ilé ìwòsàn jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ rà á. Nutrient agar àti peptone sóyà ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ lò ó. Ti aláìsàn á tẹ̀ lé e nígbà tó bá yẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá sọ́dọ̀ mi lọ́dún yìí, n kò fẹ́ ohun ọ̀gbìn tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Sóyà kan náà ni kó mú wá. Kó rà á ní Sàngó, ní Ìfọ̀, ní Àtàn àti ní Owódé. Kó dà á pẹ̀lú papain ní ẹ̀ẹ̀rùn, kó tún dà á ní òjò. Kó kọ pH ìsè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó ka kọ́lónì 25922 àti 25923 lójú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ èyí tí a rà, kó sì fi ìsè tó bàjẹ́ sínú táábùlì pẹ̀lú èyí tó dára. Bí nọ́ńbà wọn bá sún mọ́ra, mo mọ àwọn tí èmi àti òun lè jọ lọ kan ilẹ̀kùn wọn ní Agbárá.